Bí Mo Ṣe Ka Kéú Yí Imú Ká

Òórùn èéfín ẹja ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọ̀nà náà, kí ojú tó rí omi rárá. Bí a bá ti kírun Súbúhì tán ní mọ́sáláṣí kékeré kan tó wà létí ọ̀sà, lápá Ìbẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ Ìkòròdú, tí a sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, èéfín á ti máa fà nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìdí ààrò àwọn ìyá tó ń yan ẹja, iyanrìn tútù á máa wọ inú sálúbàtà ẹni, ọ̀sà á sì máa mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni bí ọmọ tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Mo ti dé ibi púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ọlọ́run ti fi ojú mi rí Mẹ́kà pàápàá, ọpẹ́ ni fún un. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dárúkọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ayé tí Ọlọ́run dá yìí lẹ́wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn ni mo máa dárúkọ.

Ilẹ̀ ibẹ̀ yọ sínú ọ̀sà bí imú ṣe yọ lójú èèyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní Imú, tí wọn kò sì wá orúkọ mìíràn fún un. Ní ṣóńṣó rẹ̀ ni ilé iná wà, ilé róbótó gíga kan tí wọ́n kùn ní funfun, tí fìtílà ńlá wà lórí rẹ̀ láti máa júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ àti èyí tó ń lọ sí Èkó, kí wọ́n má baà gun orí yanrìn. Kì í ṣe ilé gàgàrà bíi tàwọn tó wà létí òkun. Igi àgbọn tó dàgbà dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó ga níbẹ̀, ojú gbogbo ayé ló ń wò ó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan yí Imú náà ká. Ẹni tó bá gbéra ní mọ́sáláṣí, tí ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tí kò sì yà síbì kankan, á kọjá níwájú àwọn ìyá aláàrò, á gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀ kọjá nínú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi etí ọ̀sà, á dé ìdí ilé iná, á yípo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, á wọ abẹ́ àgbọn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò sì dá a padà sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí náà ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, ọ̀sà á ṣì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Àáfáà tó ń kọ́ni ní kéú níbẹ̀ kì í dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ilé. Bàbá rẹ̀ tó kọ́ni ṣáájú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wọ́límọ̀, ìyẹn ayẹyẹ tí a fi ń dúpẹ́ pé èèyàn parí kéú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ka ìpín tó gbẹ̀yìn nínú ọgbọ̀n ìpín Tírà Mímọ́ láìwo ìwé, bó ṣe ń rìn yí Imú ká. Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí ni yóò ti sọ Bísímílà, ibẹ̀ náà ni yóò parí rẹ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ dá àṣà náà sílẹ̀ gbọ́n, nítorí pé àwọn súrà gígùn ló ṣáájú nínú ìpín yẹn, nígbà tí agbára ṣì wà lára. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń rẹni ni àwọn súrà náà ń kúrú sí i, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá dé abẹ́ àgbọn, èyí tí ọmọ kékeré ń kà ló máa ń kù.

Àáfáà á máa lọ níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ̀ lé e. Kì í bojú wẹ̀yìn. Agbòjò dúdú kan máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ òjò ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, n kò sì rí i kó ṣí i rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ẹsẹ kan kà, tàbí tó gbàgbé, Àáfáà á dúró, á fi ṣóńṣó agbòjò náà gún yanrìn, kò ní sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi rántí. Bó bá rántí, Àáfáà á fa agbòjò yọ, ìrìn á tẹ̀síwájú. Bí kò bá rántí, Àáfáà á ní, “Ó tó,” á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bíi ti èèyàn méjì tó jọ ń lọ sóko, nípa ẹja, nípa ará ilé, nípa ohunkóhun, títí wọn yóò fi yí Imú ká délé. Àánú ló fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ará etí omi ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn kan ṣoṣo tó ń ka kéú bọ̀, wọ́n á dákẹ́ nídìí iṣẹ́ wọn títí yóò fi kọjá. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn méjì tó ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ti mọ̀ pé kéú ti já lọ́nà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tó kàn mí. Mo ti fi kéú sílẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí bàbá mi kó wa kúrò létí omi lọ sí ilé tó kọ́ nítòsí Ìtàmágà, tí ilé ìwé sì gba gbogbo ọjọ́ mi. Mo kàwé, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Èkó, mo di ẹni tó ń jí ní ìdájí, tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbé lọ tó ń gbé bọ̀. Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nìyẹn. Mo ní ọ̀kan tí mo máa ń gbé kọ́rùn kí gbogbo èèyàn lè rí i. Nígbà tí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi, ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi sọ: a máa ṣe wọ́límọ̀ mi mọ́ ọjọ́ nìkáì, ìyẹn ọjọ́ ìgbéyàwó, bí ọ̀pọ̀ ìdílé mùsùlùmí ọ̀dọ̀ wa ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àáfáà etí omi ni mo ti gbọ́dọ̀ gbà á.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì ìpín náà, mo fi ẹ̀rọ kékeré sétí nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nígbà tó sì fi máa di oṣù mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí mi pátá. Ó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ tẹ ìwé ìpè. “Wọ́límọ̀ àti Nìkáì” ni mo ní kí wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún. Mo ti pín ìdajì rẹ̀ tán ní ọ́fíìsì kí n tó lọ fi ara mi han Àáfáà. Ẹ wo ìwà ọmọ: mo ti pe èèyàn wá jẹun ìdúpẹ́ lórí ohun tí n kò tíì ṣe.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kọkànlá ni mo kọ́kọ́ rìn ín. Mo wọ híjáàbù tuntun, mo sọ Bísímílà, mo sì ń kà á lọ geere. Nígbà tí a kọjá níwájú àwọn aláàrò, gbogbo wọn dákẹ́, inú mi sì dùn débi pé mo gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i, Ọlọ́run dárí jì mí. A wọ igbó ẹ̀gbà. N kò wo ọ̀tún, n kò wo òsì, gìgísẹ̀ Àáfáà nìkan ni mò ń wò lórí pákó.

Lójijì ni igbó náà tán. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, n kò rántí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lápá Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, ó na ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sórí omi títí dé ẹsẹ̀ wa. Ilé iná dúró láàárín ìmọ́lẹ̀ náà, ó funfun báláú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì pupa bí ìgbà tí èèyàn fi osùn pa á. Àwọn lékèélékèé tò sórí òkúta ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ apẹja mẹ́ta tó ta aṣọ ìgbòkun sókè ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láì pariwo rárá. Mo ní “Sùbùhánálláhì” nínú ọkàn mi. Nígbà tí n ó fi padà wá ẹsẹ tó kàn, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Agbòjò gún yanrìn. Mo dúró. Mo gbìyànjú láti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mi nínú etí, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilé iṣẹ́ nìkan ni mo gbọ́, àti ti ọ̀gá ìṣírò owó tó máa ń hanrun lẹ́yìn mi. Apẹja kan rí wa láti orí omi, ó pariwo pé, “Àáfáà, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ni?” Àáfáà kàn na ọwọ́ sí i. Ó pẹ́ títí kí Àáfáà tó fa agbòjò rẹ̀ yọ.

“Ó tó,” ó ní. “Ẹja àpò ti ń wọlé báyìí o. Ṣé bàbá rẹ ṣì fẹ́ràn orí ẹja?”

Mo dáhùn pé ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ orí ẹja lọ nìyẹn, tí omi ń dà lójú mi, títí a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn méjì, ọ̀kan nínú wọn mi orí, ó ní, “Ó mà ṣe o,” ó sì padà sídìí àáké rẹ̀. Ní mọ́sáláṣí, ìyá kan tó jẹ́ aláàrò ti dúró dè wá. Ó tóbi, ó dúdú, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí èéfín, òun ló sì lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn.

“Ìyàwó àkọ̀wé,” ó ní, “ohùn méjì la gbọ́ o!”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Wọ́n ní o ti tẹ ìwé ìpè. Ẹja inàwó tí màmá rẹ ní kí n yan, ṣé kí n ṣì máa yan án lọ, àbí kí n sọ ọ́ padà sómi?”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fi ìbínú lọ sílé. Mo ti pinnu ohun tí n ó ṣe kí n tó dé Ìtàmágà: àáfáà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń ní kí ìyàwó ka ẹsẹ mẹ́wàá, á ṣàdúrà fún un, ó parí. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Níbo lo ti dúró?” ó bi mí.

“Ìdí ilé iná.”

Ó wo ilẹ̀. “Èmi náà,” ó ní. “Ibẹ̀ náà ni.”

N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó wá sọ fún mi pé òun àti Àáfáà jọ kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ bàbá Àáfáà ni, pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lòun nígbà tí agbòjò bàbá náà gún yanrìn fún òun nídìí ilé iná. Ìtìjú ohùn méjì tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà mú kí òun wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì, òun kọ́ iṣẹ́ awakọ̀, òun kò sì padà sídìí kéú mọ́. “Ogójì ọdún ó lé rèé,” ó ní. “Mo máa ń gba ọ̀nà ọkọ̀ wá kírun níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ń gbà lọ. Mi ò rìn yí Imú ká mọ́. Bí o bá lọ gbà á ládùúgbò, mi ò ní bínú sí ẹ, inú mi á dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ bíi ti gbogbo bàbá. Ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé o ti parí ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè lọ sọ́dọ̀ àáfáà àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù kí ọjọ́ inàwó pé, mo sì ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ìwé ìpè nìkan ló wà ní ọrùn mi.

Nígbà tí mo padà dé etí omi lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá aláàrò ló kọ́kọ́ rí mi. Mo rò pé yóò tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi mí ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní ká máa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé òun náà ti yí Imú ká pẹ̀lú kéú lórí, nígbà tó ti di ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣe é kí ẹ tó yege, mà?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹjọ́ mi, ajá ló lé mi.”

Ó ní ohun tó ń ṣe mí kò ju pé kásẹ́ẹ̀tì mi kò tíì dé Imú rí. Ó ní òun kò mọ kéú bí ìwé, bí ọ̀nà lòun ṣe mọ̀ ọ́n: súrà báyìí parí níbi ààrò kẹta, ẹsẹ báyìí bọ́ sí ibi tí pákó ti ń mì. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó kọ̀ fún mi láti ka ohunkóhun. Ó ní kí n wò. Èmi náà yọ ìwé àti bírò láti máa kọ ibi tí ohun gbogbo wà sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo mọ̀. Ó dúró, ó wò mí.

“Ṣé ọkọ rẹ náà lo máa kọ síwèé, kí o má baà gbàgbé ojú ẹ̀?”

Mo kó ìwé mi sápò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo Imú nìyẹn, ní ọjọ́ Àìkú mẹ́jọ léraléra, mo sì lè sọ pé ní gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ láyé, díẹ̀ ló dùn tó o. Mo rí bí gbòǹgbò ẹ̀gbà ṣe ń fẹsẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí àwọn àgbààgbà tó ká ṣòkòtò sókè. Mo rí akàn pupa tó máa ń jáde sẹ́nu ihò, tó ń gbé apá kan sókè bí ẹni tó ń kí wa. Mo mọ ibi tí omi ti ń dún bí ẹni tó ń lá nǹkan, àti ibi tó ti ń dún bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Ní ìdí ilé iná, ìyá náà máa ń ní kí n fi ẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀. Ògiri náà máa ń tutù, àní bí oòrùn bá ti mú. Èèyàn á rí ọ̀sà lọ salalu níwájú, èéfín Èkó á dà bí ìlà kékeré tí ọmọdé fi èédú fà sísàlẹ̀ ọ̀run, àwọn ọkọ̀ tó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ á sì máa yí orí padà bí wọ́n bá ti rí ilé náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tí a bá wí tó sì gbọ́. “Wò ó dáadáa,” ìyá náà máa ń sọ. “Wò ó kó sú ẹ, kó má baà tún dá ẹ dúró.” Kò sú mi rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo lè wò ó kí n sì máa ka kéú lọ, bí èèyàn ṣe lè máa wo ojú ìyá rẹ̀ kó sì máa bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú inàwó ni Àáfáà tún mú mi rìn. Mo sọ fún bàbá mi, ó ní òun kò ní lè wá, pé ọyẹ́ ti mú ẹsẹ̀ òun. Ọyẹ́ mú lóòótọ́. Nígbà tí a jáde ní mọ́sáláṣí, kùrukùru ti bo gbogbo ayé. Ẹ wò mí, èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan, n kò rí ọwọ́ ara mi! Ẹ̀yìn Àáfáà kàn dà bí òjìji kan níwájú. Mo sọ Bísímílà, mo sì tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n Imú ti wọ inú mi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbóòórùn àwọn aláàrò, mo sì mọ súrà tó kàn. Pákó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí omi ń pàtẹ́wọ́ lára òkúta, òtútù ògiri ilé iná kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kà á lọ. N kò rí ilé iná náà rárá. Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá òbí rẹ̀ lójú oorun. Ìdùnnú bá mi, mo ní nínú ara mi pé, ó ti parí, mo ti yege.

Níbi tí èmi àti ara mi ti ń dúpẹ́ ni mo ti bọ́ sínú súrà kékeré kan, èyí tí mo ti mọ̀ kí n tó mọ orúkọ àdúgbò wa, mo sì fi ẹsẹ tinú òmíràn tó jọ ọ́ tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ tí agbòjò gún yanrìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu Àáfáà.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ la wà. N kò rí wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí àáké dákẹ́, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Gbogbo wọn ń dúró nínú kùrukùru. Mo wá ẹsẹ náà nínú kásẹ́ẹ̀tì, kò sí níbẹ̀, nítorí pé n kò fi kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ. Mo wá a lójú ọ̀nà, ojú ọ̀nà kò sọ nǹkan kan. Mo ronú kan bàbá mi tó wà nílé, tí yóò bi mí pé níbo, tí n ó sì ní láti sọ fún un pé lẹ́yìn ilé iná ni, ṣùgbọ́n pé n kò délé. Ìgbà tí mo ronú kàn án ni mo rántí ẹni tó kọ́ mi ní súrà yẹn. Kì í ṣe Àáfáà. Orí àga gbọọrọ iwájú ilé wa àtijọ́ ni, mo jókòó lórí itan bàbá mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, aṣọ rẹ̀ ń rùn fún òórùn epo ọkọ̀. Ẹsẹ kan, á fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn jẹ́ẹ́. Ẹsẹ kejì, á tún gbá mi. Ó máa ń fa ìparí ẹsẹ gùn ju bí ó ṣe yẹ lọ, nítorí pé awakọ̀ ni, ohùn rẹ̀ kì í fẹ́ dúró. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ súrà náà, mo sì kà á bó ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú ìfàgùn rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, mo sì kọjá.

Àáfáà fa agbòjò yọ.

Bàbá mi wá. Ó ti kúrò nílé kété lẹ́yìn mi, ó dúró níwájú mọ́sáláṣí láìwọ bàtà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè rí nǹkan kan, pé etí nìkan ni òun fi ń wá wa, pé gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá dún lòun ń rò pé ohùn kejì ni. Ó gbọ́ ohùn lábẹ́ àgbọn. Ó mú èémí dúró. Ohùn kan ni, ó ń ka kéú. Ó ṣì tún dúró dè é kí ohùn kejì dá sí i, kò dá sí i. Nígbà tí a yọ sí i láti inú kùrukùru, tí mo ń ka súrà tó kẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń bá tèmi mì. Mo parí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní “Alihamudulilai,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún híjáàbù mi ṣe, èyí tí kò sí ohun tó ṣe é.

Àáfáà wá bojú wẹ̀yìn. “Ọmọ rẹ ti dé,” ó sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ìwọ ńkọ́?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ta ni? Èmi àgbàlagbà?”

“Èmi tí mò ń rìn níwájú, ṣé ọmọdé ni mí?”

A ṣe wọ́límọ̀ náà, a ṣe nìkáì, ìyá aláàrò sì rí i pé gbogbo ayé gbọ́ pé òun ló kọ́ ìyàwó ní ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inàwó yẹn ni mo máa ń rántí jù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín pẹ̀lú Àáfáà. Kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù méjì mẹ́ta, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kà á nílé. Ní ọdún àkọ́kọ́, inú igbó ẹ̀gbà ni kéú rẹ̀ ti máa ń já, àwọn ará etí omi á sì gbọ́ ohùn àgbàlagbà méjì tó ń bọ̀, tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó jí àgbọn tà ní ìgbà èwe wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i bí ìtìjú mọ́. Lọ́dún kejì, ó kọjá ilé iná. Ọkọ mi ló bá mi gba ìpè fóònù lọ́jọ́ náà, ó ní bàbá kò sọ ju, “Sọ fún un pé mo kọjá ibẹ̀,” ó sì pa fóònù. Lẹ́yìn náà ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀, ó dé abẹ́ àgbọn. Ìgbà tó rìn ín kẹ́yìn, súrà mẹ́rin péré ló kù. Àìsàn dá a dúró lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run sì pè é.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, mọ́sáláṣí kún dé ìta. Àwọn kan dìde sọ pé olóògbé ti parí kéú rẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, n kò sì mọ ẹni tí ì bá bá wọn jiyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àáfáà kò jiyàn, ṣùgbọ́n kì í purọ́ nítorí òkú. Ó ní, “Ó ku súrà mẹ́rin.” Ó wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó ní, “Ọmọ rẹ̀ wà níbí.” Mo dìde, mo sì ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ mi méjì ló ń kọ́ kéú báyìí, nínú ilé tó ní fáànù, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ ní ọjọ́ orí wọn. N kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń kà á fún mi níyára, tí wọ́n ń retí kí n sọ pé ó dára, mo máa ń rí i pé ojú wọn ti wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Irú rẹ̀ ló wà lójú èmi náà nígbà tí mo tẹ ìwé ìpè. N kì í bá wọn wí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fi ẹni tí kò kánjú sí ọ̀nà mi, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó fi irú rẹ̀ sí tiwọn.